Ẹni Tó Lọ́ra Jù Ni Kó Ṣíwájú

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Bàámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àìrí ara wa, ẹ kú orúnkún tó ń dùn yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n kí yín dáadáa kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀. Mo ti kí yín. Ó yá.

Ẹ ní etí yín kì í gbọ́ mi mọ́ lórí fóònù, pé ohùn mi ń sáré ju etí yín lọ, pé lẹ́tà ni kí n máa kọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí wọ́n máa kọ lẹ́tà sí òun gbọ́dọ̀ máa fèsì. Èyí tí mo kọ kẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́tàlélógún lẹ fi jókòó lé e lórí.

Ìròyìn mi rèé. Wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá ṣíífù ní ilé ìfọṣọ ńlá tí mo sọ fún yín, èyí tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn ilé ìwòsàn. Àwa méje la wà nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ. Ẹni méjì á na aṣọ tútù láti igun dé igun, wọ́n á tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ. Ó máa gba òdìkejì jáde ní gbígbóná, ẹni méjì á gbà á, wọ́n á ká a. Ẹnì kan á kà á, á dì í ní ogún-ogún, ẹnì kan á máa ti kẹ̀kẹ́. Èmi ni mò ń wo gbogbo wọn.

Ẹgbẹ̀rin aṣọ là ń ṣe ní ṣíífù kan. Máníjà ní ẹgbẹ̀rún lòun fẹ́ kí oṣù kẹrin tó parí. Bí a ò bá dé ibẹ̀, kí n kọ orúkọ ẹnì kan sórí ìwé, kí onítọ̀hún máa lọ sílé rẹ̀. Ó ti gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Orúkọ nìkan ni kò tíì sí níbẹ̀.

Ẹni tó lọ́ra jù nínú wa, obìnrin kan tó ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ ni. Rọra là ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i tó ń ká aṣọ, ẹ ó rò pé ọmọ tuntun ló sùn sínú rẹ̀. Ó tún máa ń fi ìdí tábìlì sílẹ̀ ṣáá, mi ò mọ ibi tó ń lọ. Bàámi, ojú aánú kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ó ku tiyín. Ẹ lọ rí dókítà ojú kí oṣù yìí tó parí. Ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà wá wo àjà yàrá ẹ̀yìn tó ń jò. Mo ti ya àtẹ kan sẹ́yìn lẹ́tà yìí, ọjọ́ àti iṣẹ́ tó wà fún un. Ẹ kàn máa fi àmì sí èyí tí ẹ bá ti ṣe.

Èmi? Mo wà dáadáa. Oorun ni kò wá. Á kọjá lọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Bàámi,

Ẹ kú ìdákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ṣé ẹ ti lọ wo ojú ni, àbí ojú náà ni kò jẹ́ kí ẹ rí lẹ́tà mi?

Ẹgbẹ̀rin lé mẹ́wàá la dé. Mo lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ògiri, mo kọ iye tí kálukú ṣe síbẹ̀ lójoojúmọ́, mo fi báírò pupa kọ ti ẹni tó kéré jù. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ìṣòwò nìyẹn: ohun tí o ò bá wọ̀n, o ò lè tún un ṣe. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́, Aláriwo là ń pè é torí kì í yéé kọrin, kò kọrin mọ́. Mo ní ó ṣeun.

Lánàá, àwọn obìnrin méjì tó ń na aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

"Fà á nígbà náà!"

"Ìwọ ni kó o fà á, ṣé ọwọ́ ti rọ ni?"

"Ọwọ́ ta ló rọ? Lọ wo ara ògiri, ta ni wọ́n fi pupa kọ?"

Aṣọ náà ya sí méjì. Mo jágbe mọ́ wọn títí ohùn mi fi há.

Yàrá kan wà tí wọ́n ń kó ọṣẹ sí. Mo máa ń wọ ibẹ̀, mo máa ń jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì títí àyà mi á fi rọlẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí mo bá ń wẹ̀ nílé, ńṣe ni mò ń ka táìlì ara ògiri ní ogún-ogún.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ fi ọdún méjìdínlógún ṣe olórí àwọn tó ń ru gẹdú nílé ìlagi, kí lẹ máa ń ṣe sí ẹni tó bá lọ́ra? Ẹ fún mi ní ohun tí mo lè lò lọ́jọ́ Ajé, ẹ má fún mi ní òwe. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kò sẹ́ni tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń kó ọwọ́ náà jọ.

Ọmọ yín tó ń dúró.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Ìwọ Kíákíá, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo bi ọ́ o, kó o tó fò ó kọjá. Ṣé ò ń jẹun? Ṣé yàrá tí ò ń gbé kì í tutù jù? Àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ńkọ́? Ìwọ lọmọ tó máa ń kí bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, wọ́n ní kò sí nílé. Àjà yàrá ẹ̀yìn ṣì wà lókè níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Àtẹ tí o yà wúlò gan-an, òun ni mo fi ń bo ife omi mi, kòkòrò ò kó sí i mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí o bi mí. Ní ilé ìlagi, ẹni tó lọ́ra jù là ń fi síwájú. Gẹdú gígùn, ọkùnrin mẹ́jọ lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹlẹ́sẹ̀ kíá bá wà níwájú, á máa wọ́ igi lọ, tọwọ́-tẹsẹ̀ làwọn tó wà lẹ́yìn á fi máa lé e. Níbi tí ẹnì kan bá ti kọsẹ̀, gbogbo yín lẹ bá igi lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó lọ́ra bá wà níwájú, òun á máa pe ìṣísẹ̀, ẹsẹ̀ gbogbo yín á bọ́ sí tirẹ̀. Ọdún méjìdínlógún, a ò sọ igi lu ẹnikẹ́ni. Ó tán. Lò ó lọ́jọ́ Ajé.

Oorun tó ní òun ò wá yẹn, má fi ṣeré. Yàrá ọṣẹ yẹn náà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan sí i, ṣùgbọ́n ìwé ti kún.

Èmi bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Bàámi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ìwé ti kún. Ìdajì ojú ewé yín ló ṣófo, ó wà níwájú mi níbí.

Mo lo ìmọ̀ràn yín. Lọ́jọ́ Ajé, mo pe gbogbo wọn jọ, mo ní láti òní lọ, Rọra ló máa wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wa máa tẹ̀lé, torí òun ló lọ́ra jù. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí ó má bàa sí àṣìgbọ́.

Aláriwo ní, "Ẹ kú oríire, aṣíwájú! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kó tán kí àwọn aláìsàn tó sàn o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Rọra náà rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ̀ta lé ogójì la ṣe lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì, díẹ̀ ló fi lé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, máníjà wá dúró tì wá pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Mo ní, lójú gbogbo wọn, "Màmá, ẹ̀yin lẹ wà níwájú o. Bí ó bá bàjẹ́, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò."

Ó bọ́ épúròònù rẹ̀. Ó ká a, bó ṣe máa ń ká nǹkan, igun sí igun. Ó gbé e lé orí ẹ̀rọ. Ó ní, "O ṣeun, ọ̀gá. Gbogbo ayé ti rí i báyìí." Ó lọ. Kò tíì padà wá.

Ẹ ní ọdún méjìdínlógún, ẹ ò sọ igi lu ẹnikẹ́ni. Èmi, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi sọ ọ́ lu ẹni tó dàgbà jù nínú wa. Kí lẹ fi pamọ́ fún mi? Nígbà tó lọ, mo wọ yàrá ọṣẹ. Ìgbà tí mo fi máa jáde, wákàtí kan ti lọ.

Inú ń bí mi sí yín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè kà á dáadáa.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin

Bàámi,

Mo kí yín.

Máníjà pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Obìnrin yẹn ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Kí lò ń dúró dè? Kọ orúkọ rẹ̀, ká gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí." Ó rọrùn. Kò sẹ́ni tó máa bá mi jà. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti mú báírò, tí mo gbé e sílẹ̀.

Ó ku ọjọ́ méjìdínlógún. Bí ara yín ò bá yá, kí ẹnì kan bá yín kọ̀wé sí mi. Bí ó bá yá, ẹ kọ̀wé. Ẹ wo bí ìlà mi ṣe ń wọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

O kú ìbínú. Ó tọ́ sí ọ. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo fà á ya, òun ló jẹ́ kó pẹ́. Àlàáfíà ni mo wà.

O ní kí ni mo fi pamọ́. Ara mi ni.

Lọ́dún tí ìyá rẹ kú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́. Ó ṣeé ṣe kó o rántí pé mo máa ń jókòó sẹ́yìn ilé láti àárọ̀, bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, mi ò sì ní lọ síbì kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní mo ya ọ̀lẹ. Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, mo máa wà lábẹ́ igi, mi ò ní mọ ẹsẹ̀ tó kàn láti gbé. Èmi olórí wọn. Ọjọ́ kan, gbogbo wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá igi lọ. A gbé e sílẹ̀. Mo wá ní, "Ẹ̀yin ará, ara mi ò yá. Kì í ṣe ẹsẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ọkàn ni. Ẹ jẹ́ kí n wà níwájú, kí ẹ máa wo ẹsẹ̀ mi." Igbákejì mi, ọkùnrin kúkúrú kan tí ẹnu rẹ̀ mú, ní, "Ó tó gẹ́ẹ́! A ti ń rò pé o fẹ́ pa wá ni." Ibẹ̀ ni àṣà yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi mí síwájú. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fúnra wọn lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá tì síwájú, ẹ̀sín ni wọ́n fi í ṣe.

Ohun tí mi ò kọ sínú ìdajì ojú ewé tó ṣófo nìyẹn. Ojú tì mí. Mo rò pé ìwọ tí o máa ń sáré báyìí, o ò ní fẹ́ gbọ́ pé bàbá rẹ fìgbà kan jókòó.

Ó tún ku ọ̀kan. Lọ́dún náà, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń lọ rí dókítà kan ní ilé ìwòsàn, ká jókòó, ká máa sọ̀rọ̀. Mo sọ fún ẹ̀yin ará ilé pé eyín ló ń dùn mí. Ọmọ mi, eyín wo ni wọ́n ń tọ́jú fún oṣù mẹ́rin?

Lọ bẹ obìnrin yẹn. Kí o sì sọ tìrẹ fún un. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òwe ni, o ní o ò fẹ́. Gbà á bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìnira tí ẹ nìkan gbé. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ṣé ẹ jẹun? Mo ń bi yín, mi ò fò ó.

Èmi náà wà lára àwọn tó pè yín ní ọ̀lẹ. Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan níléèwé. Ẹ má bínú.

Mo lọ sílé Rọra. Àjà kẹrin, kò sí ohun tó ń gbéni gòkè, ẹsẹ̀ ni. Aga méjì ló wà nínú yàrá rẹ̀, ọ̀kan kún fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Kò kó o kúrò.

"Ìwé ìdádúró lo mú wá?"

"Rárá, Màmá. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Mo dójú tì yín. Mo tún fẹ́ sọ fún yín pé ara mi ò yá. Ọkàn ni. Mo máa ń..."

"O máa ń sunkún ní yàrá ọṣẹ."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ṣé a ò létí ni? Ògiri yẹn ò ga dókè, gbogbo rẹ̀ la máa ń gbọ́. Ta lo rò pé ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà? Bí ìwọ bá ti wọlé, èmi á lọ dúró. Bí ọwọ́ mi bá há, Aláriwo á lọ. Máníjà á ní ọ̀gá yín dà, a ó ní o lọ wo aṣọ tó ń bọ̀. Èkúté tó bá wọ ibẹ̀ pàápàá, a máa kọ́kọ́ bi í léèrè."

Bàámi, mo jókòó sórí ilẹ̀. Orí mi ṣe ìṣirò náà kí n tó mọ̀. Bí mo bá wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, tí ìṣẹ́jú márùn-ún tí mò ń pè é ti di ogún, tí ẹni tó ń ká aṣọ lọ dúró fún mi, tí ẹnìkejì rẹ̀ ń nìkan ká a, tí ẹ̀rọ ń yí lófìfo. Ọ̀pọ̀ nínú aṣọ tí mò ń wá kiri, èmi ni mo jókòó lé wọn lórí. Ẹni tó ń ṣọ́ mi ni mo fi pupa kọ.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ta ló ń sọ nǹkan fún ọ? O máa ń dáhùn kí wọ́n tó parí." Ó wá gbé aṣọ kúrò lórí aga. "Fífi tí o fi mí síwájú kọ́ ló dùn mí. Mo lọ́ra, mo mọ̀, apá mi ọ̀tún ò gòkè mọ́. Lílẹ̀ tí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ni. Èèyàn kì í kọ àárẹ̀ ẹlòmíì sára ògiri."

Ó padà wá láàárọ̀ àná. Kí a tó tan ẹ̀rọ, mo já gbogbo ìwé tó wà lára ògiri, mo dúró níwájú wọn, mo sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́. Ohùn mi ò jáde dáadáa. Aláriwo ní, "Ọ̀gá, ṣé ká jọ sunkún ni, àbí ká tan ẹ̀rọ?" Mo rẹ́rìn-ín débi tí ikun fi jáde nímú mi. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ẹ̀rọ, èmi ni mo ń pe ìṣísẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo sọ. Obìnrin kan gbà á lọ́wọ́ mi, kò bi mí ní nǹkan kan.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún lé mẹ́wàá la ṣe. Kò tíì pé. Ọ̀túnla ni ọjọ́ máníjà, ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì mi. Bí lẹ́tà yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ á ti ṣẹlẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Bàámi,

Ẹ kú ìfojúsọ́nà. Mo mọ̀ pé ẹ ti máa jókòó ti ẹnu ọ̀nà, ẹ ó máa wo ẹni tó ń pín lẹ́tà.

Mo gbé ìwé náà fún máníjà ní òfìfo. Ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ìwé yìí ń fẹ́ orúkọ."

Mo ní, "Ẹni tó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, èmi ni. Àìsàn mi ò hàn sójú, ṣùgbọ́n mo ń ṣàìsàn. Mo fẹ́ lọ tọ́jú ara mi, kí n sì padà. Àwọn mẹ́fà yòókù, kò sí èyí tí ẹ lè dá dúró tí iṣẹ́ ò ní dínkù. Mo mú ìṣirò rẹ̀ wá." Ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ wúlò níbẹ̀. Ó kà á. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

Kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ó fún wọn ní oṣù méjì sí i. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti jókòó sílé. Ó gba ipò lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún Rọra. Bí mo bá padà, ìdí tábìlì ni mo máa wà, èmi á máa ká aṣọ. Inú mi ò dùn sí i, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ti jà fún ipò yẹn. Mo ń bínú, mo tún ń sùn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ti lọ rí dókítà. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí ìwé, mo to ó. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé ìwé sílẹ̀. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ikú Màmá mi, ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo máa lọ.

Ilé yìí ń há mọ́ mi. Mo ti fọ gbogbo fèrèsé. Mo ti to àwo lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé gígùn sí mi, ẹ sọ ohun tí ẹ ń fi ọwọ́ yín ṣe lọ́dún tí ẹ jókòó sẹ́yìn ilé yẹn. Ẹ kọ ọ́ kún ojú ewé náà dé ìsàlẹ̀.

Rọra pè mí láàárọ̀ yìí láti béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà. Mo sọ fún un. Mò ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀, mò ń gbọ́ Aláriwo tó ń pariwo orin. Ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan mìíràn?" Ó mọ ohun tó wà lẹ́nu mi. Èmi náà mọ̀ ọ́n: mélòó lẹ ti ṣe?

Mo ní, "Kò sí o, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì.

Ọmọ yín.